Apá Ẹ̀wù Tí Má-Tú Tú

Má-Tú ni wọ́n ń pe ìyá aránṣọ yìí, torí bó bá ti rán nǹkan, ó rán an nìyẹn. Kì í tú u. Ogún ọdún ló fi kọ́ni ní ìránṣọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí orúnkún tó ní òun ò gbé e mọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kó jókòó sílé, kó máa fi fídíò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá tó kù.

"Àmọ́ o, Màmá, bí wọn ò bá lè rán apá mọ́ ẹ̀wù kí oṣù yìí tó parí, a ó pa kíláàsì náà tì."

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló ń fi fóònù ká a sílẹ̀. Níbi tí ọwọ́ Màmá bá ti gbọ̀n, á gé e sọnù. Fídíò ń dán bí àwo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yìn ín, síbẹ̀ wọ́n ń rán iwájú apá mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù. Ìyìn ò rán ẹ̀wù.

Lọ́jọ́ kan, bó ti ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lọ, òun náà rán apá òsì mọ́ ọ̀tún ẹ̀wù. Ó gbé e sókè, iwájú apá ti bọ́ sẹ́yìn.

"Yéè! Èmi náà rèé!"

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, Má-Tú kú lónìí."

"Panu mọ́." Ó mú bíléèdì, ó ń já òwú, ẹnu rẹ̀ ò dúró. "Ẹ wo ibi tí mo gé jìn wọnú yìí, iwájú apá nìyí. Ẹ̀yìn kì í jìn tó o. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, kẹ́ ẹ má ṣe bíi tèmi."

Ó ní kí ìyàwó gé ibẹ̀ kúrò. Ìyàwó gbàgbé, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Nígbà tí Má-Tú gbọ́ lọ́jọ́ kejì, ìtìjú ò jẹ́ kó jẹun àárọ̀, àfìgbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì kan nínú àwọn méjìlá ni.

"Màmá, ẹ ṣé gan-an! Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo dá fídíò yín padà síbi tẹ́ ẹ ti ń tú u. Ní kíláàsì, mo lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹsàn-án?"

"Ǹ bá ti gbá ẹ létí lẹ́ẹ̀kẹta."

Kí oṣù tó parí, àwòrán ẹ̀wù dé. Apá ẹ̀wù mọ́kànlá jókòó dáadáa. Ti ìkejìlá ṣì lọ́, àmọ́ ẹni tó ni ín ti mọ ibi tó ti lọ́, ó ń tú u. Ọ̀gá ní kí kíláàsì máa bá a lọ.

Má-Tú dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ orúnkún tó mú un jókòó sílé pàápàá. Ó pe ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"O ṣé tó o gbàgbé, ìyàwó mi. Má gé àṣìṣe mi sọnù mọ́."

"Ká wá máa pè yín ní Tú-u, Màmá?"

"Gbé fóònù yẹn sókè, jàre."