Mo Lọ Wo Bí Pápá Ṣe Ń Mu Omi ní Uyo

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé wa ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́bàá Òwódé Onírin. Iṣẹ́ páìpù ni mò ń ṣe. Daddy Alága, olórí ẹgbẹ́ onílé wa, fún mi ní ọjọ́ márùn-ún péré, torí wọ́n fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí pápá bọ́ọ̀lù àdúgbò. Tí òjò bá ti rọ̀, odidi ọ̀sẹ̀ ni omi fi ń dúró níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe ń fa omi kúrò lórí pápá. Ká sọ òótọ́, ọmọ mi Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, n kò sì mọ ibòmíràn tí màá mú un lọ.

Ní Mile 12, wọ́n ti ń já ata lórí tírélà. Ní Ọjọ́ta, mo san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà fún ọkọ̀ Uyo. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ọ̀rẹ̀, a jẹ búrẹ́dì ní Benin, a sì gba orí afárá Odò Ọya kọjá. Lẹ́yìn Àbá, kòtò pọ̀, dẹ́rẹ́bà ń wakọ̀ bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la wọ̀lú.

Ọ̀gá Ekong ló wá pàdé mi. Ó gbé Kétu l'Ékòó pẹ́ kó tó padà sílé, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ṣì dán. Koríko pápá ìṣeré ńlá ìlú náà ló ń tọ́jú. “Abadie?” ló fi kí mi, ìyẹn ni pé ṣé dáadáa ni. Ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ afang kalẹ̀, ewé gígún pẹ̀lú gbúre àti ìgbín. Tiwa máa ń lómi. Tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ le tó òkèlè. Mo jẹ ẹ́ títí abọ́ fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ńlá rọ̀. Inú Ọ̀gá Ekong dùn, ó ní òjò náà ló máa ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí a dé pápá ìṣeré náà, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ni mo rí i pé àárín rẹ̀ yọ díẹ̀, ó sì ń dà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní yanrìn ló wà lábẹ́ koríko, òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ yanrìn, àti páìpù oníhò tí wọ́n tò bí eegun ẹja. Ó mú mi yí àwọn ẹnu ọ̀nà ká. Ó ní àwọn tó ń yàwòrán irú ibẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ro bí èrò ṣe máa jáde, kí wọ́n tó ro ibi tí èrò máa jókòó sí. A jẹ ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì. Nígbà tí a jẹ tán tí òjò sì dá, mo bọ́ bàtà, mo rìn já pápá, omi ò sì bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìgbà náà ló bi mí pé, “Ibo ni páìpù tiyín máa da omi sí?”

Mo ní odò tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa ni.

“Tí odò bá wá kún ńkọ́?”

Ó mú mi jáde síta, ó fi ilẹ̀ òfìfo gbalasa kan tí omi pápá ń ṣàn lọ sí hàn mí. Èmi ì bá pè é ní ilẹ̀ tó ṣòfò. Ó ní, “Pápá kì í dá omi gbé. Ilẹ̀ tó yí i ká ló ń bá a gbé e.”

Láti Uyo dé Benin, ọ̀rọ̀ náà ni mò ń rò. Páìpù tí mo gbójú lé kò ní tó.

Nígbà tí mo délé, orí pápá ni mo bá Daddy Alága pẹ̀lú téèpù, wọ́n ń wọn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n bi mí bóyá páìpù máa gbé omi náà. Mo sọ òótọ́: ó máa gbé ti òjò, kò lè gbé ti odò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù làwọn máa kọ́.

Mo ní, “Kò tíì tán, Daddy. Ibí ni omi odò máa ń sùn lọ́dọọdún. Tí a bá kọ́lé sórí ibùsùn rẹ̀, pálọ̀ yín ló máa wá sùn. Pápá á gbẹ padà. Ìrẹsì inú ṣọ́ọ̀bù ò ní gbẹ.”

Wọ́n wo ògiri ilé tiwọn, tó pààlà pẹ̀lú pápá náà. Bí mo ṣe lọ wá ọgbọ́n lílé omi lọ, ọgbọ́n fífún un láyè ni mo gbé bọ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó máa wọ̀ wọ́n létí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n na orí téèpù sí mi.

“Jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ná. Di ibí mú. Ibo lo ní páìpù òjò máa gbà?”