Irọ́ Tí Mo Pa Nídìí Fáíbà

Mo rántí bí yanrìn ṣe gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ìkórè kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Ìgàndò. Ilẹ̀ mímọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà, títí kan àwa tí à ń gbé ìsìn náà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ara mi kì í balẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n. Bí nǹkan ò bá tíì bàjẹ́, èmi á ti máa tú u wò. Ọgbọ́n ni mo pe ìyẹn.

Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹ̀rọ tí olùdarí ètò fi ń bá àwọn oníkámẹ́rà sọ̀rọ̀. Inú ọkọ̀ wa lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló wà, wáyà fáíbà sì gba inú ọgbà lọ sídìí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Dígí tín-ín-rín ló wà nínú fáíbà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gbé ohùn gba inú rẹ̀. Ojú kì í rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó lè ba ojú jẹ́. Ọ̀gá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí kì í pariwo, ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé a kì í yọ ẹnu fáíbà wò láìkọ́kọ́ pa ẹ̀rọ.

Ìsìn ń gbóná lọ́wọ́ ni ohùn kámẹ́rà kẹta lọ. Olùdarí figbe ta: "Mi ò gbọ́ kámẹ́rà mẹ́ta o! Kí lẹ tiẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

Ọ̀gá mú awò tí a fi ń yẹ ẹnu fáíbà wò. "Ó jọ pé yanrìn ti wọ ẹnu ẹ̀. Mò ń lọ ṣí i. Ṣé o ti pa ẹ̀rọ?"

"Mo ti pa á, Ọ̀gá."

Mi ò tíì pa á. Bí mo bá pa á, ohùn àwọn kámẹ́rà tó kù náà á lọ, olùdarí á tún jágbe mọ́ mi. Mo rò ó pé bí Ọ̀gá bá dé ọ̀hún ni màá pa á. Olùdarí tún béèrè nǹkan mìíràn, mo ń dá a lóhùn, ọkàn mi sì kúrò níbẹ̀. Ìgbà tí mo tún máa wo ẹ̀rọ, iná rẹ̀ ṣì ń tàn. Mo pa á, mo pe fóònù Ọ̀gá. Inú báàgì rẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi ló ti ń dún. Ni mo bá sáré. Mo la àárín àwọn aláṣọ funfun kọjá, ìyá ìjọ kan ń ké tẹ̀lé mi: "Rọra o, sister! Kí ló ń lé ẹ?" Ọ̀rọ̀ ojú Ọ̀gá nìkan ni mo ń bá Ọlọ́run sọ.

Mo bá a tó jókòó lórí àpótí, awò náà ṣì wà lápò rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò pa á. Irọ́ ni mo pa. Ojú yín ńkọ́?"

"Mo wọ̀n ọ́n kí n tó gbé ojú sí i," ó ní. "Mo ti mọ̀."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó nu ẹnu fáíbà, mo lọ tan ẹ̀rọ, ohùn dé. Kò bú mi, kò sì lé mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọdún méjì la tún fi ṣiṣẹ́ pọ̀, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìkòtún, káàkiri. Kò tún bi mí mọ́ bóyá mo ti pa ẹ̀rọ. Bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sínú ọkọ̀, á wò ó, á tún rìn padà, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún.

Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó ń gbé ní Bàrúwà. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. Ojú lásán ló fi ń ka ìwé ìròyìn, inú mi sì dùn dé eegun. Nígbà tí mo ń lọ, mo ní kó má dìde, pé màá ti géètì dáadáa. Ó ní ó dáa, ó ṣàdúrà fún mi. Mo ti géètì, mo rìn díẹ̀, mo bojú wẹ̀yìn. Ó ti dé ìdí rẹ̀, ó ń fà á wò. N kò bínú sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ.