Kọnkéré Ẹnu Ọ̀nà Ìyá Mi

Ilẹ̀ àgbàlá wa ní Ìbà kì í ṣe ilẹ̀ àgbàlagbà. Yanrìn lásán ni, bí òjò bá sì rọ̀, omi á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti ìgbà tí orúnkún ti ń dun ìyá mi, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀pá náà á sì máa rì.

Nítorí èyí la ṣe da kọnkéré láti ẹnu ọ̀nà dé géètì. A ò fi irin sí i. Bíríkìlà tó ṣe é ní mọ́tò kankan ò ní gun orí rẹ̀, kí la fẹ́ fi irin ṣe? Nígbà tí òjò dé, omi wọ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ, kọnkéré dá sí méjì, etí kan sì yọ sókè. Etí yẹn ló kọ́ ọ̀pá ìyá mi, wọ́n sì ṣubú. Wọn ò fara pa púpọ̀, àmọ́ ẹ̀rù bà wọ́n, wọn ò sì jáde mọ́ àfi tí ẹnìkan bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ọ̀rẹ́ wọn ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń lo ọ̀sán tẹ́lẹ̀. Látìgbà náà, láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni wọ́n ti ń pariwo kí ara wọn. Ó dùn mí gan-an. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń tì mọ́lé.

Lọ́dún yìí, a fọ́ ti àkọ́kọ́ dànù, a sì pe bàbá bíríkìlà kan láti Okokomaiko. Òun ní kí a ra wáyà mẹ́ṣì, àwọ̀n irin tí wọ́n ti jó pọ̀ mọ́ra. Wọ́n gún ilẹ̀ dáadáa, wọ́n sì tẹ́ àwọ̀n náà lé e bí ẹní. Àwọn lébírà wá ń rìn lórí rẹ̀. Bàbá ní bí àwọn bá ṣe ń da kọnkéré làwọn á máa fi ìkọ́ fa irin sókè.

Ìyá mi ń wò wọ́n láti orí àga wọn.

“Ẹnikẹ́ni kì í sè mọ́ínmọ́ín kó má fi nǹkan tẹ́ ìdí ìkòkò,” ni wọ́n wí. “Ẹ fẹ́ fa irin sókè, ẹ tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èwo lẹ ń ṣe?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni, bísíkíìtì ló yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn kọnkéré kéékèèké tó ń gbé irin kúrò nílẹ̀, àmọ́ àwọn ò tíì ṣe é, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kó tó le. Ìyá mi ní, “Ẹ dá iṣẹ́ dúró, èmi fúnra mi á ṣe é.” Inú bí mi. Yanrìn àti òkúta ti dí ẹnu géètì, òjò sì ń ṣú.

“Ẹsẹ̀ ta ló máa gun orí ẹ̀?” ni wọ́n bi mí.

Bàbá ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Èmi ni mo po sìmẹ́ńtì. Ìyá mi ń fi ṣíbí bù ú sínú ìdérí agolo, wọ́n ń tẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣe àkàrà òyìnbó. Wọ́n ní bí mo ṣe ń po ẹ̀kọ náà ni mo ṣe ń po sìmẹ́ńtì, pé ọkọ mi ń gbìyànjú tó ń mu ún. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn tí wọ́n túra ká báyẹn.

Nígbà tí bísíkíìtì le, bàbá padà wá, ó tò wọ́n sábẹ́ irin, wọ́n sì da kọnkéré. A ń bomi rin ín, a ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ títí bàbá fi ní ó tó. Ìyá mi ń béèrè láràárọ̀ bóyá ó ti tó.

Òjò rọ̀ gan-an lẹ́yìn náà. Kọnkéré ò mira.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti Ìjànikin dé, mo pe ìyá mi, wọn ò dáhùn. Mo wo yàrá, mo wo ilé ìdáná, mo wo ẹ̀yìnkùlé. Mo rí i pé géètì ṣí sílẹ̀, mo bá sáré jáde. Ilé ọ̀rẹ́ wọn ni mo ti bá wọn, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè.

Mo ní wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó jáde.

“Ṣé mo máa ń sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni?”

Inú mi dùn débi pé omi gba ojú mi. Mo jókòó tì wọ́n, ọ̀rẹ́ wọn sì fún mi lágbàdo.