Aránṣọ Tó Gbin Igi Sórí Ààtàn

Ìyá Ààtàn ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, ẹ má sì rò pé oríkì ni. Aránṣọ ni. Yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé, fèrèsé wọn sì kọjú sí ilẹ̀ kan tí gbogbo òpópónà ń da ìdọ̀tí sí. Bí ìdọ̀tí náà bá ti ga, wọ́n á dáná sun ún. Èéfín á gba ojú fèrèsé wọlé, ọmọ náà, tó ní ikọ́ fée, á sì máa mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.

Ó bẹ onílé, ó bẹ àwọn alábàágbé, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá gbé ọkọ́, ó wọ inú ààtàn lọ. Láràárọ̀, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á kó díẹ̀ níbẹ̀ lọ síbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń gbà kọjá. Ibi tó bá ti ṣófo, á gbin igi sí i, á fi àjákù aṣọ so ó mọ́ ọ̀pá kí atẹ́gùn má baà fà á tu. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń da ìdọ̀tí tuntun síbi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá, lójú rẹ̀ kòrókòró. Irú èèyàn tí mò ń sọ nìyẹn.

Àmọ́ igi ò mọ yẹ̀yẹ́. Wọ́n ga, wọ́n ta ẹ̀ka, ojú wá ń ti èèyàn láti da ìdọ̀tí sábẹ́ wọn. Iná sísun dópin. Àgbàrá tó máa ń ya wọ ilé àwọn ará àdúgbò rí ilẹ̀ tó rọ̀ wọ̀ sí. Àwọn ẹlẹ́yà àná gbé àga lọ sábẹ́ ibòji. Ọmọ náà sùn mọ́jú láìwúkọ́, ìyá rẹ̀ sì sunkún ayọ̀.

Ìgbà yẹn ni onílé dé pẹ̀lú àwọn àgbà àdúgbò. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ta ló ni àwọn igi yìí?"

Aránṣọ kúnlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé ó lè wo ojú àgbà kó ní òun lòun ni ín?

"Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n, bàbá. Èmi kàn ń bomi rin wọ́n ni."

Onílé yíjú sí àwọn àgbà. "Ṣé ẹ gbọ́?"

Wọ́n gbọ́. Àwọn náà ti dá àgbà lóhùn bẹ́ẹ̀ rí láìmọye ìgbà, wọ́n mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lásán ni. Síbẹ̀, nígbà tí onílé ṣe ọgbà yí ibẹ̀ ká, tó ní kí aránṣọ kó jáde torí ọmọ òun fẹ́ ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀, wọ́n jẹ́rìí gbe onílé.

"Ṣebí ẹnu ara ẹ lo fi sọ ọ́," ni ọ̀kan nínú àwọn alábàágbé rẹ̀ wí. Inú ibòji ló jókòó sí tó fi ń sọ ọ́.

Oore ni igún ṣe tó fi pá lórí, oore ni àkàlàmàgbò ṣe tó fi yọ gẹ̀gẹ̀. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Yàrá kan ṣoṣo tó rí wà lọ́nà jíjìn. Tẹ̀ríntẹ̀rín ni obìnrin tó nilé fi gbà á.

"A ti gbúròó yín, ìyá wa. Ìdí tí mo fi fún yín ní yàrá nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìnkùlé, iṣẹ́ yín ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ààtàn ni, ó sì ń jó lọ́wọ́. Ọmọ náà ti di ilẹ̀kùn mú, ó ń wá èémí.

"Mo fẹ́ ká kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò ní lé wa jáde tí igi bá dàgbà, kí n tó bẹ̀rẹ̀," ni aránṣọ wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. "Ìwé kẹ̀? Ṣé olè lẹ rí tí ẹ rí mi ni?"

Ọmọ náà wúkọ́ títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Ẹ máà bínú, mà," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bèèrè ibi tí ọkọ́ wà.