Owó Iná Ńlá

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi kú, iyán ló ń gún fún àwọn òyìnbó tó wá sùn nínú ọkọ̀ wọn ní àgbàlá wa, lábẹ́ àpáta Ṣábẹ. Owó iná mànàmáná ńlá, èyí tí wọ́n lè fi dáná nínú ọkọ̀, ju ti kékeré, èyí tó wà fún gílóòbù nìkan, lọ, ṣùgbọ́n owó kékeré ló máa ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ iyán rẹ̀.

“Ẹni tó yó kò ní fi iná mi dáná,” ló ń wí.

“Ta ló ń sanwó iyán?”

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹun tiyín!”

Èmi olùkọ́ ìṣirò, n kò rí èrè ibẹ̀ títí dòní.

Lánàá, ọkọ̀ kan dé, wọ́n ní iná ńlá làwọn fẹ́. N kò mọ iyán gún. Mo bẹ iṣu, mo sè é, mo gbé e fún wọn. Owó kékeré ni mo gbà.