Ẹni Tí Sẹ̀kínátù Rán Láti Kúnlẹ̀

Kí Sẹ̀kínátù tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, nani ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwé kékeré kan ní Okota. Òun ló ń pààrọ̀ pámpáàsì àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, òun ló ń pọ̀n wọ́n bí wọ́n bá ń ké. Bí tíṣà kíláàsì kejì ò bá wá, wọn a ní kí Sẹ̀kínátù, Ìyá Khàlíl, lọ jókòó ti àwọn ọmọ náà kí wọ́n má baà dalé rú. Jíjókòó yẹn ló yí ayé ẹ̀ padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́wọ́ kọ́ wọn ní ìsọdipúpọ̀: pá, pá-pá, kí gbogbo wọn sì fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ níbi tí ìdáhùn bá wà. Lọ́jọ́ kan, Mádààmù tó ni ilé ìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò wọ́n títí.

"Ìyá Khàlíl, lọ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà wá. Ọjọ́ tí o bá gbà á, kíláàsì yìí, tìẹ ni."

Ó gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé bí ẹni gbé ẹyin. Ó sọ fún ọkọ ẹ̀, Ṣàmsúdéènì, tó ń tún fíríìjì ṣe l'Óṣòdì, pé kí Khàlíl ọmọ àwọn tó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, òun á ti dúró níwájú bọ́ọ̀dù. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó gba ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ìwọ ṣáà lọ kàwé. Bí ọbẹ̀ bá jóná, èmi ni màá jẹ ẹ́."

Ọbẹ̀ jóná lóòótọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n jọ ń jẹ ẹ́ ni.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ń lọ ní òpin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ló ti bá Morọ́lá pàdé. Òyìnbó dùn lẹ́nu Morọ́lá, ìṣirò ló ń lé e kiri. Sẹ̀kínátù mọ ìṣirò, òyìnbó ló ń kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ni wọ́n bá so pọ̀. Morọ́lá a wá sí Okota, a jẹ nínú ọbẹ̀ jíjóná, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń pa àtẹ́wọ́ náà, àwọn méjèèjì a máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ìwé láti lọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò, Ṣàmsúdéènì ní orí ń fọ́ òun. Ó sùn, kò jí mọ́.

Wọ́n mú Sẹ̀kínátù lọ ṣe opó ní ilé àwọn ọkọ ẹ̀ n'Ísọlọ̀, lábẹ́ ojú Àǹtí Àjíbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀, kò gbọdọ̀ yọjú síta. Fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀ o. Àmọ́ níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ, wọn kì í fi fóònù bẹ àgbà. Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ á gbé ẹsẹ̀ lọ. Bí ẹsẹ̀ ò bá ráyè, á rán ẹni tí yóò bá a kúnlẹ̀.

"Morọ́lá, bá mi kúnlẹ̀ fún lẹ́kíṣọ́rà wa tó ń pín wa sí ilé ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú. Ní kí wọ́n bá mi di ààyè mi mú ní ilé ìwé Mádààmù. Tí mo bá ti jáde nínú opó, màá bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bá mi kúnlẹ̀ fún Mádààmù fúnra wọn."

"Ṣé o tún ń bẹ̀ mí ni? Ṣé orúnkún mi kọ́ ni orúnkún ẹ?"

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí Jímọ̀ tí Morọ́lá kì í wá. Á gbé ọsàn wá, á fọwọ́ ara ẹ̀ bó o.

"Wọ́n ní kí o fọkàn balẹ̀. Wọ́n ní ààyè ẹ ò lọ ibì kankan."

"Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ."

"Jẹ ọsàn jàre. O ti ń sanra nínú opó, wọ́n á ní o ò fẹ́ràn ọkọ ẹ."

Sẹ̀kínátù á rẹ́rìn-ín, á sì tún sunkún lórí ẹ̀. Inú yàrá yẹn, ẹ̀rín Morọ́lá nìkan ló ń bá a wọlé láti ìta.

Nígbà tí opó kù díẹ̀ kó parí, Mádààmù wá kí i. Ó jókòó lórí ẹní, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sí afẹ́fẹ́ rere, kó sì bá wọn wo ọmọ.

"Ó dùn mí pé o fi ìwé sílẹ̀," ni Mádààmù wí. "Àmọ́ ẹni tí o fi rọ́pò ara ẹ ń ṣe dáadáa. Àtẹ́wọ́ tó fi ń kọ́ wọn yẹn, bí ẹni pé ìwọ ni. Mo ti ní kó mú kíláàsì náà títí lọ."

"Mádààmù, ta ló ní mo fi ìwé sílẹ̀?"

"Òun náà ni. Morọ́lá. Ó kúnlẹ̀ fún mi, ó ní o ní kí òun wá sọ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́ yìí. Sẹ̀kínátù ṣáà ń ro kíkúnlẹ̀ náà. Morọ́lá kúnlẹ̀ lóòótọ́. Iṣẹ́ tó rán an, ó jẹ́ ẹ dé orí ilẹ̀. Ẹnu ló yí padà.

Ó dọjọ́ Jímọ̀, Morọ́lá dé, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọsàn.

"Mádààmù wá síbí," ni Sẹ̀kínátù wí.

Ọ̀bẹ dúró.

"Ìyá Khàlíl, ire ni mo rò. Ta ni yóò máa dáná báyìí tí wàá fi kàwé? Bàbá Khàlíl ló gbé ẹ dúró. Mo ní dípò kí àjèjì gba ààyè yẹn..."

"Lẹ́kíṣọ́rà wa ńkọ́? Kí lo sọ fún wọn?"

"Ohun kan náà."

"Nígbà tí o kúnlẹ̀, orúkọ ta lo dá?"

Morọ́lá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Tìẹ."

"Àjèjì ì bá dá orúkọ ara ẹ̀. Máa gbé ọsàn ẹ lọ."

Kò gbé e. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ìkan bíbó, ìyókù nínú ọ̀rá. Àǹtí Àjíbíkẹ́ wọlé wá bèèrè bóyá wọ́n jà ni. Sẹ̀kínátù ní àwọn ò jà. Ó ní òun kàn ti ń jẹ ọsàn yẹn láti ọjọ́ yìí, òun ò mọ ohun tí òun ń jẹ ni.

Lọ́jọ́ tó jáde nínú opó, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mìíràn. Àǹtí Àjíbíkẹ́ wò ó bó ṣe rù.

"Jókòó sílé. Jẹ́ kí n bá ẹ lọ bẹ lẹ́kíṣọ́rà náà. Èmi náà lè kúnlẹ̀."

"Ẹ jókòó, Àǹtí mi. Orúnkún tèmi náà ń ká."

Ó kọ́kọ́ lọ mú bàtà ní Okota. Ó ń kọjá lára ògiri ilé ìwé náà ló gbọ́ ọ: pá, pá-pá. Àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà janlẹ̀ kó tó mọ̀. Ó yára kúrò níbẹ̀.

Ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó kúnlẹ̀ fún lẹ́kíṣọ́rà náà. Ìyẹn bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde, kò kọ́kọ́ dìde. Ọ̀gbẹ́ni Ọláńrewájú ní òun ò lè lé ẹnikẹ́ni kúrò ní Okota mọ́, nígbà tí Mádààmù ti gbà á. Pé àfi kó dúró de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, lọ́dún tó ń bọ̀, ní ilé ìwé mìíràn. Sẹ̀kínátù ní òun á dúró.

Khàlíl wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí ìyá ẹ̀ tó dúró níwájú bọ́ọ̀dù n'Ísọlọ̀. Kíláàsì kejì náà ni wọ́n fún un. Nígbà tó kan ìsọdipúpọ̀, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì gbéra, wọ́n fẹ́ pàdé. Ó sọ wọ́n kalẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí olúkúlùkù ṣa òkúta wẹ́wẹ́ tiẹ̀ wá.