Ìṣó Inú Igi Ọ̀gànwó

Títí di òní, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń mú ẹnu mi korò.

Ìjì ló wó igi ẹ̀yìnkùlé wa ní Laranto, lápá Àríwá, ni bàbá mi bá ní kí wọ́n gbé e lọ sí sọ́míìlì kékeré kan. Màálámù tó ń lagi níbẹ̀ bó èèpo rẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́. "Madaci ne."

"Ọ̀gànwó ni," bàbá mi sọ fún mi, wọ́n sì fi èèpo náà kan ahọ́n mi.

Ayùn ò tíì wọnú jìnnà tó fi han gooro, tó sì dúró. Ìṣó tí ìyá mi kàn mọ́ igi náà, tí wọ́n ń so okùn ìsáṣọ mọ́, ni igi ti gbé mì. Màálámù mú òòlù láti yọ ọ́.

"A bar shi," bàbá mi ní. Kó fi í sílẹ̀.

"Tí Mọ́mì bá ti Èkìtì dé, ibo ni wọ́n á máa sáṣọ sí?" mo bi wọ́n.

Bàbá mi kàn ń gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò lórí mi. Ìyá mi ti lọ́kọ mìíràn lọ́hùn-ún.

Pákó oníṣòó yẹn la fi ṣe tábìlì ìjẹun. Títí bàbá mi fi kú, wọn ò gbé àwo lé ojú ìṣó náà rí.